Ohun Tí Àtọ̀gbẹ Ọlọ́jọ́ Pípẹ́ Ń Ṣe fún Ọpọlọ

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará wa ní Kubwa, ní Nyanya, àti níbikíbi tí ẹ ti ń wò wá. Bí màmá tó ti ń bá àtọ̀gbẹ yí láti ọjọ́ pípẹ́ bá ń béèrè ọ̀rọ̀ kan náà lemọ́lemọ́, àwa á ní ọjọ́ orí ni. Àwọn mìíràn á ní ayé ló ń ṣe é. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ṣúgà náà ná.

Ọpọlọ kò ju nǹkan bí 2% ìwọ̀n ara lọ, àmọ́ òun nìkan ń gba nǹkan bí 20% agbára tí ara ń lò nígbà ìsinmi. Ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé e wá, nínú àwọn iṣan tó tín-ín-rín ju irun orí lọ. Bí ṣúgà bá ga fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn iṣan yìí á bàjẹ́, bó ṣe ń rí fún ti ojú àti ti kíndìnrín. Kì í ṣe orúkọ ọmọ ni aláìsàn sábà máa ń kọ́kọ́ gbàgbé. Ìrònú ló ń falẹ̀: ṣíṣírò ṣéńjì ní ọjà Wuse á pẹ́, ọ̀rọ̀ ẹni mẹ́ta tó ń sọ̀rọ̀ pọ̀ á dàrú mọ́ ọn lójú.

Ṣúgà tó lọ sílẹ̀ jù náà burú, a ò sì ń sọ ọ́ tó. Nígbà ààwẹ̀ Ràmàdánì, ẹni tó lo insulin tàbí glibenclamide, àwọn oògùn tó ń mú ṣúgà wálẹ̀, láìjẹun, ṣúgà rẹ̀ lè já sí ìsàlẹ̀ 70 mg/dL. Á máa làágùn, á máa gbọ̀n, á lè máa sọ ìsọkúsọ. Kì í ṣe wèrè o. Bó bá ṣì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní zobo oníṣúgà lójú ẹsẹ̀. Bí kò bá lè gbé e mì, ẹ má rọ nǹkan kan sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn yá. Bí irú èyí bá le, tó sì ń ṣẹlẹ̀ léraléra, ó ń pa ọpọlọ lára. Ẹni tó bá fẹ́ gbààwẹ̀, kó rí dókítà kí oṣù tó lé. Ẹ̀sìn fúnra rẹ̀ gbà fún aláìsàn láti jẹun.

Metformin, oògùn àtọ̀gbẹ mìíràn, náà, bó bá pẹ́ lára, lè dín fítámì B12 kù, àìtó rẹ̀ sì ń fa ìgbàgbé. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló ń fi í hàn, ó sì ní ìtọ́jú. Ẹ má dá oògùn dúró fúnra yín. Ẹ béèrè HbA1c pẹ̀lú, ìyẹn àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí ṣúgà ṣe ga tó hàn. Nǹkan bí oṣù 3 ló ń wò sẹ́yìn, nítorí náà ẹni tó sá fún ohun dídùn lánàá nìkan ò lè tàn án.

Bí ìgbàgbé bá ti wọlé, ẹ má fi abẹ́rẹ́ insulin sílẹ̀ fún aláìsàn nìkan. Ẹni tí kò rántí pé òun ti gún un láàárọ̀ lè tún òmíràn gún.