Ilé-iṣẹ́ ńlá àti omi tó ń sá lọ: ibi tó yẹ ká kọ́kọ́ wò

Ẹ kú ìjókòó o. Ọ̀rọ̀ wa dá lórí omi ní àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń yọ́ irin, tó ń ṣe sìmẹ́ńtì, tó sì ń po kẹ́míkà. Bí wọ́n bá ní kí irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ dín omi tó ń lò kù, ẹ̀rọ olówó gọbọi tó ń sẹ́ omi ìdọ̀tí ló sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí àwọn ọ̀gá lọ́kàn. Ẹ̀rọ náà wúlò, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Ibi tí wọ́n ti ń tu omi lára ni omi ti ń bọ́ sọ́nù jù láìsí ẹni tó kíyè sí i, ibẹ̀ la sì máa pẹ́ sí.

Ilé gogoro ìtutù, tí àwọn òṣìṣẹ́ ń pè ní cooling tower, kò ṣòro láti yé èèyàn. Omi tó ti gba ooru lára ẹ̀rọ á gòkè, á máa já sílẹ̀ wẹ́wẹ́, fáànù á sì máa fẹ́ atẹ́gùn gba àárín rẹ̀ kọjá. Díẹ̀ lára omi náà á bá atẹ́gùn lọ, ìyẹn ló ń mú kí ìyókù tutù. Bí 1,000,000 lítà bá ń yí po ní wákàtí kan, tí ooru rẹ̀ sì ń fi 10°C wálẹ̀, nǹkan bí 15,000 lítà ló máa bá atẹ́gùn lọ. Èyí kò ṣeé dá dúró, torí òun gan-an ni ìtutù náà.

Omi tí a mọ̀ọ́mọ̀ ń dà nù ló wà ní ìkáwọ́ wa. Omi tó bá atẹ́gùn lọ kì í mú iyọ̀ àti ẹfun inú rẹ̀ dání. Wọ́n á ṣẹ́ kù sílẹ̀, omi á sì máa ki sí i. Bó bá ki jù, ìpẹ́ funfun líle, irú èyí tó ń bo ìdí kẹ́tùlù, á lẹ̀ mọ́ inú páìpù, ooru ò sì ní rí ọ̀nà gbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń da díẹ̀ nù, tí wọ́n sì ń fi omi tuntun rọ́pò rẹ̀. Ìlọ́po mélòó ti omi tuntun ni ẹ ń jẹ́ kí iyọ̀ rẹ̀ tó kí ẹ tó dà á nù?

Ìṣirò rẹ̀ rèé: ẹ yọ 1 kúrò nínú ìlọ́po yẹn, kí ẹ fi èyí tó kù pín omi tó bá atẹ́gùn lọ. Níbi ìlọ́po 2, ẹ ó da 15,000 lítà nù ní wákàtí kan. Níbi 3, ó di 7,500. Níbi 6, ó di 3,000. Láti 3 dé 6 nìkan, 108,000 lítà lẹ ti rí gbà padà lójúmọ́. Láti 6 dé 10, nǹkan bí 1,300 lítà ní wákàtí kan ni èrè rẹ̀, ewu ìpẹ́ á sì tún pọ̀ sí i. Lójú tiwa, kò sídìí fún ẹnikẹ́ni láti máa lé 10 nígbà tí kò tíì dúró dáadáa lórí 6.

Omi yín náà ní ohùn nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ kì í jẹ́ kí sílíkà, èròjà inú iyanrìn tó ń di ìpẹ́, kọjá nǹkan bí 150 mílígíráàmù nínú lítà kan. Bí omi tuntun yín bá ti ní 30, ìlọ́po 5 ni òpin yín. Bí omi bá sì ń pẹ́ níbẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀, ẹ má fi oògùn apakòkòrò rẹ̀ ṣeré: kòkòrò Legionella, tó ń fa òtútù àyà líle, máa ń gbèrú nínú omi tó wà láàárín 20°C sí 45°C, inú ìkúukùu wẹ́wẹ́ lèèyàn sì ti ń fà á símú.

Kí ló ń bà á jẹ́? Ìpẹ́ lè bo irin kékeré tó ń wọn iyọ̀ inú omi. Yóò máa sọ pé iyọ̀ kò pọ̀, fáàfù tó ń da omi nù kò ní ṣí, páìpù á sì dí. Tàbí kí òkúta wẹ́wẹ́ há sẹ́nu fáàfù náà, kó má lè pa dé mọ́. Èyí tó fara sin jù ni bọ́ọ̀lù tó ń ṣí omi tuntun, bí wọ́n bá gbé e sókè jù. Nígbà tí páńpù bá dúró, omi inú páìpù òkè á dà padà sínú agbada ìsàlẹ̀, kò ní gbà á, á sì gba páìpù àkúnwọ́sílẹ̀ lọ sínú gọ́tà. Bí páńpù bá tún ṣí, bọ́ọ̀lù á pe omi tuntun. Iye ìgbà tí wọ́n bá pa á, tí wọ́n tún tàn án, ni omi ń lọ.

Mítà méjì ló máa tú àṣírí rẹ̀: ọ̀kan lórí omi tuntun, ọ̀kan lórí omi dídànù. Ká ní mítà àkọ́kọ́ ka 22,500 lítà ní wákàtí kan, tí ìkejì ka 3,000. Bí ẹ bá fi ìkejì pín àkọ́kọ́, ìlọ́po 7.5 ni. Ẹ wá wọn chloride, ọ̀kan lára iyọ̀ inú omi, nínú agbada àti nínú omi tuntun. Bí ti agbada bá jẹ́ ìlọ́po 3 ti omi tuntun péré, 4,500 lítà ń gba ibi tí ẹ kò mọ̀ jáde ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ chlorine lẹ fi ń pa kòkòrò, chloride á tàn yín jẹ. Magnesium ni kí ẹ wọ̀n.

Ibi tí wọ́n ti ń fi ásíìdì fọ irin, tí wọ́n sì ń ṣan án, tún yẹ ká wò. Bí irin bá ń gbé lítà 1 ásíìdì jáde ní wákàtí kan, tí ẹ sì fẹ́ là á dé ìdá kan nínú 1,000, tánkì kan ṣoṣo nílò nǹkan bí 1,000 lítà omi ní wákàtí náà. Tánkì méjì tó tẹ̀ lé ara wọn, tí omi ń ti ìdí wá sí iwájú nígbà tí irin ń ti iwájú lọ sí ìdí, nílò nǹkan bí 32. Mẹ́ta nílò 10. Ṣùgbọ́n omi gbọ́dọ̀ gba ìsàlẹ̀ wọlé lápá kan, kó gba òkè jáde lápá kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, á kàn sáré kọjá lójú omi ni. Ẹ sì jẹ́ kí irin ro fún ìṣẹ́jú àáyá 10, ó kéré tán, kí wọ́n tó gbé e kúrò lórí ásíìdì.

Omi iyọ̀ tí ẹ dà nù láti ibi ìtutù ṣì lè pa iná ìdàrọ́, ìyẹn pàǹtí gbígbóná tó ń jáde lára irin yíyọ́, tàbí kó fọ ilẹ̀. Kí oru omi, ìyẹn steam, tó ti ṣiṣẹ́ tán, tó sì ti di omi padà, wọ inú bọ́ílà, kó má lọ sí gọ́tà: ó mọ́, ó sì gbóná.

Lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá dúró pátápátá, kí ẹnìkan ka mítà àbáwọlé, kó dúró fún wákàtí méjì, kó tún kà á. Bó bá ti yí, kí ó máa pa àwọn fáàfù lẹ́ka lẹ́ka, títí ọwọ́ mítà yóò fi dúró.