Kí Ẹ Tó Ra Ògbólógbòó Boxster

Mẹkáníìkì kan l'Ádó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì Boxster, ọkọ̀ tí Porsche ń ṣe, fún ìgbà àkọ́kọ́, àyè ẹrù ló bá níbẹ̀. Ó yí sẹ́yìn, ó ṣí bọ́ọ̀tù, àyè ẹrù mìíràn. Ó nàró, ó wo oníbàárà rẹ̀ lójú, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, kí ló wá ń wa ọkọ̀ yìí?”

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará Èkìtì, nílé lóko. Ẹ́ńjìnnì ń bẹ. Ẹ̀yìn àga méjèèjì ló wà, níwájú táyà ẹ̀yìn, wọ́n sì fi ìdérí bò ó mọ́lẹ̀. Ìyẹn ló mú kí ògbólógbòó Boxster rọrùn láti fi tan ènìyàn: ẹni tó ń tà á lè nu ara rẹ̀ kó máa dán gbinrin, inú kò ní í hàn.

Boxster àkọ́kọ́ ni mò ń sọ, èyí tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè ní 986. Ọdún 1996 ló jáde, ọdún tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ wa yìí sílẹ̀ gan-an, wọ́n sì ṣe é títí di 2004. Ẹ́ńjìnnì lítà 2.5 ló kọ́kọ́ ní. Nígbà tó yá wọ́n sọ ọ́ di 2.7, èyí tó ń jẹ́ S sì ní 3.2. Owó rẹ̀ kì í bani lẹ́rù mọ́ lónìí. Owó àtúnṣe rẹ̀ ni kò wálẹ̀.

Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ lọ wò ó. Kí ẹ sì ti bẹ ẹni tó ń tà á láti alẹ́ pé kó má sítáàtì ẹ̀ kí ẹ tó dé. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ rọra fọwọ́ kan sàìlẹ́ńsà. Tó bá ti gbóná, ẹ bi í léèrè ohun tó ń sáré fún.

Wàyí o, ẹ ní kó sítáàtì ẹ̀, kí ẹ̀yin dúró lẹ́yìn. Sílíńdà mẹ́fà inú ẹ́ńjìnnì yìí kò nàró bíi ti Corolla. Wọ́n sùn gbalaja ni, mẹ́ta lọ́tùn-ún, mẹ́ta lósì. Tí ọkọ̀ bá dúró mọ́jú, ọ́ìlì díẹ̀ lè ṣàn wọnú wọn, nítorí náà èéfín kékeré tó rú tó sì pòórá kì í ṣe ìjà. Èéfín funfun tó bo gbogbo àgbàlá bí ìgbà tí wọ́n ń sungbó ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ̀yà kan wà tó ń ya ọ́ìlì kúrò lára atẹ́gùn inú ẹ́ńjìnnì. Awọ inú rẹ̀ ló ti ya. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́, kí ẹ gbìyànjú láti ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń rọ ọ́ìlì sí, nínú bọ́ọ̀tù ẹ̀yìn. Tó bá ń fà padà bí ẹni pé ẹnì kan dì í mú nísàlẹ̀, awọ ti lọ.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tó ń lé oorun lójú àwọn tó ni ọkọ̀ yìí. Irin gígùn kan wà láàrin ẹ́ńjìnnì tó ń gba agbára lọ́wọ́ kiráńkì, tó sì ń fi ṣéènì yí irin tó ń ṣí fáàfù. IMS ni wọ́n ń pè é. Bẹ́ríìnì kan ló gbé orí rẹ̀ dúró lápá ibi tí gíá wà. Wọ́n di bẹ́ríìnì náà pa pẹ̀lú gíríìsì inú rẹ̀. Tí ọjọ́ bá gorí ọjọ́, rọ́bà tó dì í á gbó, ọ́ìlì á yọ́ wọlé, á fọ gíríìsì lọ, síbẹ̀ ọ́ìlì náà kò ní í máa ṣàn gba ibẹ̀ dáadáa. Bọ́ọ̀lù irin inú rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Ọjọ́ tó bá túká, ṣéènì á ṣi àkókò, písítìnì á kọlu fáàfù. Ẹ́ńjìnnì mìíràn lẹ máa wá lọ.

Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń ṣe é o. Ọ̀pọ̀ ló ti rìn jìnnà láìsí wàhálà, bẹ́ríìnì tí bọ́ọ̀lù irin rẹ̀ tò ní ìlà méjì, tó wà nínú àwọn àkọ́kọ́, sì lágbára ju onílà kan tó tẹ̀lé e. Ní Amẹ́ríkà, ti àwọn ọkọ̀ Porsche kan tí wọ́n ṣe láàrin 2001 sí 2005 le débi pé ó di ẹjọ́ ní kóòtù.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀? Ẹ ní kí mẹkáníìkì yọ fíltà ọ́ìlì, kó tẹ́ bébà inú rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ gbé mágínẹ́ẹ̀tì sún mọ́ ọn. Irin bẹ́ríìnì ń lẹ̀ mọ́ mágínẹ́ẹ̀tì. Tí ẹ bá rí ohun wínníwínní tó ń dán tó sì fò mọ́ ọn, ẹ kí wọn pé ó dàbọ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ béèrè rìsíìtì. Wọ́n gbọ́dọ̀ sọ gíá kalẹ̀ kí ọwọ́ tó lè tó bẹ́ríìnì yìí, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìgbà tí wọ́n bá ń pààrọ̀ klọ́ọ̀ṣì ni wọ́n sábà máa ń pààrọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ní òun ti pààrọ̀ rẹ̀, tí kò lè sọ ẹni tó bá òun sọ gíá, èmi ò ní í gbà á gbọ́.

Omi ńkọ́? Radiétọ̀ wà ní igun iwájú lọ́tùn-ún àti lósì, lẹ́yìn ẹnu bọ́ńpà. Ẹnu yìí ń gbé ewé mì bí ewúrẹ́. Ewé náà á rà síbẹ̀, á sì máa jẹ radiétọ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i. Ike omi wà nínú bọ́ọ̀tù ẹ̀yìn, ó sì máa ń sán. Ẹ gbé kápẹ́ẹ̀tì ibẹ̀ wò bóyá ó tutù. Tí ọ́ìlì orí ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n bá wá rí bí ògì, ẹ má wulẹ̀ jókòó.

Ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ àga náà. Ihò tí omi òjò ń gbà jáde lára òrùlé aláṣọ máa ń dí, omi á sì ṣàn wọ ilẹ̀ ọkọ̀, níbi tí àpótí iná tó ń darí kọ́kọ́rọ́ wà. Òjò Èkìtì kan ṣoṣo, ọkọ̀ lè kọ̀ láti sítáàtì.

Tí gbogbo èyí bá dára, ẹ wà á gba Ìyìn àti Àrámọ̀kọ lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Àwọn kòtò ojú ọ̀nà á sọ fún yín bí ẹsẹ̀ ọkọ̀ bá ti jẹ, òkè Ẹ̀fọ̀n á sì sọ bí omi bá ń yí. Ẹ má gbójú kúrò lára géèjì. Tí ẹ bá débẹ̀, ẹ páàkì, ẹ mu omi tútù, kí ẹ wá tan tọ́ọ̀ṣì sábẹ́ rẹ̀. Ọ́ìlì díẹ̀ níbi tí ẹ́ńjìnnì àti gíá ti pàdé, ẹ fi yọ nínú owó rẹ̀. Omi tó ń kán tó! tó!, ẹ dá kọ́kọ́rọ́ padà fún oní-ǹkan, kí ẹ béèrè ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò padà sí Adó.