Bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹ̀dà ẹṣin, àti ìdí tí awọ yẹn kò fi gbọdọ̀ wọ fírísà

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ kú ìkàlẹ̀ o. Ọ̀rọ̀ ẹṣin la ní lónìí, ẹṣin tí wọ́n gé awọ ara rẹ̀ bíńtín, tí wọ́n sì ti ibẹ̀ bí ẹṣin mìíràn. Cloning ni iṣẹ́ náà, ẹ̀dà ni n ó máa pe ọmọ tó bá tibẹ̀ jáde. Mi ò ní jókòó ṣàlàyé ohun tí sẹ́ẹ̀lì jẹ́ tàbí ohun tí DNA jẹ́, ẹ ti mọ̀yẹn. Ibi tí gbogbo èèyàn ti ń ṣì í ṣe ni mo ń bá lọ tààrà.

Awọ ni. Ibẹ̀ niṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ti máa ń bàjẹ́. Dókítà ẹranko á fá irun díẹ̀ lẹ́bàá ọrùn, lábẹ́ gọ̀gọ̀, níbi tí àpá ò ti ní hàn. Á fọ ibẹ̀ mọ́ tónítóní, á fún ẹṣin ní abẹ́rẹ́ kí ibẹ̀ lè kú tipiri, á wá gé awọ tí kò ju èékánná lọ. Kó má gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ o! Sẹ́ẹ̀lì tí à ń wá, fáíbíróbílásítì, ìsàlẹ̀ awọ ló ń gbé. Òkè tí irun àti ìdọ̀tí wà kò wúlò fún wa. Inú omi tí wọ́n fi ń bọ́ sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ti po oògùn apakòkòrò mọ́, ni wọ́n á sọ ọ́ sí. Wọ́n á wá fi í sínú òtútù tó tó ìwọ̀n 4 lórí òṣùwọ̀n Celsius, kó sì dé yàrá iṣẹ́ kíákíá, bó ṣe lè yá tó.

Bí ẹṣin bá ti kú ńkọ́? Ó ṣì lè ṣeé ṣe, bí ẹ bá yára. Ẹ wá gbọ́ ohun tí àwọn èèyàn ń ṣe. Wọ́n á gé awọ, wọ́n á sì sáré jù ú sí fírísà, wọ́n ní kó má baà jẹrà. Háà! ẸNI TÓ GBÉ E SÍ FÍRÍSÀ TI TÚN ẸṢIN YẸN PA NI! Omi inú sẹ́ẹ̀lì á dì, yìnyín rẹ̀ á yọ ẹnu ṣóńṣó, á sì gún ara sẹ́ẹ̀lì ya láti inú. Bí yìnyín bá yọ́ tán, DNA á ṣì wà níbẹ̀, ẹ sì lè fi ṣe àyẹ̀wò ìdílé. Ṣùgbọ́n òkú ni sẹ́ẹ̀lì, òkú sẹ́ẹ̀lì kì í sì í pín. Fíríìjì ni o, kì í ṣe fírísà. FÍRÍÌJÌ!

Mo mọ̀ pé ẹnìkan ti fẹ́ já mi nírọ́ báyìí: "Ṣebí inú náítírójìn olómi ni wọ́n ń kó wọn sí?" Òótọ́ ni, níbi tí òtútù ti lọ sísàlẹ̀ òdo dé ìwọ̀n 196. Àmọ́ wọ́n á ti kọ́kọ́ gbin sẹ́ẹ̀lì náà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan títí á fi di ọ̀kẹ́ àìmọye. Wọ́n á po kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ DMSO mọ́ ọn, bí ìdá 10 nínú 100, èyí tí kì í jẹ́ kí yìnyín di abẹ́rẹ́. Wọ́n á wá mú un tutù wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ìwọ̀n 1 láàárín ìṣẹ́jú kan. Fírísà ilé yín ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Èyí tí wọ́n bá ṣe dáadáa máa ń pẹ́: ní San Diego, wọ́n tọ́jú sẹ́ẹ̀lì ẹṣin Przewalski, ẹṣin ìgbẹ́ ilẹ̀ Mòǹgólíà, láti ọdún 1980, oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n sì bí ẹ̀dà rẹ̀, Kurt, ní Texas. Ogójì ọdún gbáko.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń béèrè bóyá àtọ̀ ṣeé lò, kò ṣeé lò. Kúrómósóòmù (ìdì tí DNA wé sí) 32 ló wà nínú àtọ̀ ẹṣin, 64 la sì nílò. Ó tán.

Ó kan ẹyin. Abo ẹṣin mìíràn ni wọ́n ti ń gbà á, ẹṣin kẹ́ṣin. Ẹyin náà kò tíì gbó nígbà tí wọ́n bá yọ ọ́, nítorí náà wọ́n á fi í sínú ooru tó dà bíi ti ara fún wákàtí 24 sí 30. Ẹ wá sún mọ́ mi níbi maikirosíkóópù yìí. Ẹyin yẹn kò ju bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mílímítà lọ púpọ̀. Ọ̀pá ìgò tín-ínrín kan ń fà á mọ́ra lápá òsì kó má baà yí. Lápá ọ̀tún, òmíràn tó tún tín-ínrín jù bẹ́ẹ̀ lọ ń bọ̀ wá gún un. Kí ni wọ́n fẹ́ yọ? Kúrómósóòmù ẹyin, kí ti sẹ́ẹ̀lì awọ lè rọ́pò rẹ̀. Ojú lásán ò rí i, nítorí ọ̀rá mú kí ẹyin ẹṣin ṣú. Aró kan ni wọ́n á fi sí i, tí wọ́n á sì tan iná ultraviolet, èyí tí ojú wa kì í rí, sí i, kúrómósóòmù á wá tàn ní búlúù. Bí iná yẹn bá pẹ́ jù, ẹyin bàjẹ́. Bí wọ́n bá fi kúrómósóòmù díẹ̀ sílẹ̀, iye rẹ̀ á lé, ọlẹ̀ náà á kú. Bí wọ́n ò bá kọ́kọ́ fi oògùn rọ ara ẹyin, abẹ́rẹ́ á fà á ya. Ẹ ò rí i pé kì í ṣe iṣẹ́ ọlọ́wọ́ gbígbọ̀n!

Wọ́n á ti sẹ́ẹ̀lì awọ bọ ibẹ̀, wọ́n á fi iná mànàmáná tí kì í tó ìṣẹ́jú àáyá kan rárá so méjèèjì pọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rò pé iná yẹn ló ń fún un ní ẹ̀mí, ẹ jọ̀wọ́, sinimá ni ìyẹn. Ohun tó ń jí ẹyin ni kálísíọ́ọ̀mù tó máa ń ru nínú rẹ̀ nígbà tí àtọ̀ bá wọlé. Àtọ̀ ò sí níbí, nítorí náà oògùn bíi ionomycin la fi ń tàn án jẹ. Ẹyin ẹṣin sì lágídí lórí èyí. Tí kò bá jí, á kàn jókòó síbẹ̀ ni, á kú.

Èyí tó bá jí ṣì níṣẹ́ tó le jù níwájú. Sẹ́ẹ̀lì yìí ti gbájú mọ́ iṣẹ́ awọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti ti gbogbo iṣẹ́ yòókù pa. Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹyin gbọ́dọ̀ mú kó gbàgbé awọ, kó sì tún ìyókù ṣí. Ibí ni púpọ̀ nínú wọn ti ń kú. Dolly àgùntàn, ọdún 1996 ní Scotland: ẹyin 277, ọmọ kan ṣoṣo. Prometea, ẹ̀dà ẹṣin àkọ́kọ́, ọdún 2003 ní Cremona ní Ítálì: wọ́n tún ẹyin 841 ṣe, 22 ló di ọlẹ̀ tó ṣeé gbìn, wọ́n gbin 17 sínú abo ẹṣin 9, oyún mẹ́rin dúró, ọ̀KAN ló bí. Iṣẹ́ ti gbọ́n sí i láti ìgbà náà, àmọ́ ẹni tó bá ṣèlérí pé ẹ̀ẹ̀kan ni á ṣe é tó máa bọ́ sí i, ẹ sá fún un.

Bí ọlẹ̀ bá pé ọjọ́ méje, abo ẹṣin tí ara rẹ̀ ti ṣetán, èyí tó ti sọ ẹyin sílẹ̀ ní bí ọjọ́ mẹ́rin sí mẹ́fà ṣáájú, ni wọ́n ń gbìn ín sí. Oṣù mọ́kànlá ni oyún. Lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀, kí dókítà wà nítòsí: ìwọ́ lè tóbi jù kó máa ṣẹ̀jẹ̀, iṣan ẹsẹ̀ iwájú lè sún kì kó má lè dúró, ọmọ lè má lágbára láti mu ọmú.

Wàyí o, ṣé ẹṣin àná ló padà wá? Rárá o! Kẹ́hìndé tó pẹ́ lọ́nà ni, tó wá fi ogún ọdún tẹ̀lé Táyé. Ojú kan náà ni wọ́n, àmọ́ ilé ọmọ ọ̀tọ̀, ọmú ọ̀tọ̀, olùkọ́ ọ̀tọ̀. Ti Prometea tiẹ̀ tún le: abo ẹṣin tó fún wọn láwọ náà ló gbé oyún, ó bí ìkejì ara rẹ̀! Àmì funfun iwájú orí àti ẹsẹ̀ lè yàtọ̀. CC, ẹ̀dà ológbò tí wọ́n bí ní Texas lọ́dún 2001, kò gbé àwọ̀ mẹ́ta tí ológbò tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ṣe é gbé. Maitokọ́ńdíríà pàápàá, ohun tó ń pèsè agbára nínú sẹ́ẹ̀lì, tó ní DNA tirẹ̀, ti abo ẹṣin tó fún wa ní ẹyin ni. Bí ẹ̀dà bá jẹ́ akọ, kò já mọ́ nǹkan fún ìran rẹ̀, nítorí akọ kì í fi í jogún. Bí ó bá jẹ́ abo, á fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Ìwúlò tí mo rí níbẹ̀ jù ni ti ẹṣin tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá. Pieraz gba ìdíje eré ọ̀nà jíjìn àgbáyé, àmọ́ kò lè bímọ. Wọ́n ṣe ẹ̀dà rẹ̀ lọ́dún 2005, wọn ò tẹ èyí lọ́dàá, wọ́n fi ń gun abo. Ní Ajẹntínà, Adolfo Cambiaso, gbajúmọ̀ eléré pólò, gun ẹ̀dà mẹ́fà ti abo ẹṣin rẹ̀, Cuartetera, nínú ìdíje pólò Palermo lọ́dún 2016.

Kí abẹ tó kan awọ, ẹ pe ẹgbẹ́ tó ń forúkọ ẹṣin yín sílẹ̀. FEI, àjọ eré ẹṣin àgbáyé, gba ẹ̀dà láyè nínú ìdíje láti ọdún 2012. The Jockey Club, tó ń forúkọ ẹṣin eré ìje Thoroughbred sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ò gbà á: ọmọ tí akọ bá gun abo bí gan-an nìkan ni wọ́n ń kọ. Ẹgbẹ́ tó ń forúkọ irú ẹṣin tí wọ́n ń pè ní Quarter Horse sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà náà kọ̀, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sì gbè wọ́n lẹ́sẹ̀ lọ́dún 2015. Ẹ lè tọ́jú sẹ́ẹ̀lì ná nígbà tí ẹṣin ṣì wà láyé, ìyẹn ò so yín mọ́ nǹkan kan. Ti ẹ̀dà gan-an, ẹ dá a dúró di ìgbà tí ẹ bá gba èsì wọn ní kíkọ.