Ẹ́ńjìnnì Ló Ń Kẹ́yìn: Bí Sẹ̀dáànì Ṣe Ń Di Ọkọ̀ Ìje

Ẹ kú ìjókòó o. Bí ènìyàn bá ti gbọ́ pé wọ́n fẹ́ sọ ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin di ọkọ̀ ìje, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, "Agbára ẹṣin mélòó ló máa ní?" Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ ná. Ìwé òfin là ń kọ́kọ́ ṣí, ká tó kan ara ọkọ̀, ká tó kan ẹsẹ̀ rẹ̀, ìyẹn táyà àti ohun tó so wọ́n mọ́ ara ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì ló ń kẹ́yìn.

Ìdí tí òfin fi ṣáájú ni pé ìje yìí, tí wọ́n ń pè ní touring car, kò rí bíi Formula 1, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ ọkọ̀ láti ìpìlẹ̀. Irú ọkọ̀ tí wọ́n ń tà fún aráàlú ló gbọ́dọ̀ wọ pápá. Láyé òfin Group A, òfin ìje kan tó wà ní àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe ẹyọ 5,000 nínú irú ọkọ̀ kan láàárín oṣù méjìlá kí wọ́n tó gbà á láàyè. Òfin yẹn ló bí BMW M3 ti ọdún 1986. Bí ìhà rẹ̀ ṣe yọ síta yẹn kì í ṣe fáàrí. Kí táyà fífẹ̀ lè ráyè wọ abẹ́ rẹ̀ ni. Wọ́n tilẹ̀ gbé ìdérí bùùtù sókè, wọ́n yí bí gíláàsì ẹ̀yìn ṣe dagun padà, kí afẹ́fẹ́ lè balẹ̀ dáadáa sórí ìyẹ́ ẹ̀yìn, pátákó tó ń tẹ ọkọ̀ mọ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé àwọn tó rà á lọ sí ibi iṣẹ́ ń wa ohun tí àwọn awakọ̀ ìje nílò.

Ẹni tó mọ òfin kà máa ń jẹ èrè rẹ̀. Ní 1994, Alfa Romeo gbé ọkọ̀ wọn tó ń jẹ́ 155 wá sí ìdíje touring car ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n ti kọ́kọ́ ta irú rẹ̀ kan tí wọ́n sọ ní Silverstone, tó ní ètè iwájú àti ìyẹ́ ẹ̀yìn tí a lè fà jáde. Lórí pápá, wọ́n fà á jáde. Awakọ̀ wọn, Gabriele Tarquini, gba ìje márùn-ún àkọ́kọ́ léraléra, ni àwọn yòókù bá fi igbe ta. Nígbà tí àwọn aláṣẹ ní kí wọ́n fa ìyẹ́ náà wọlé, Alfa kó ẹrù wọn kúrò ní pápá ìje Oulton Park láìbá wọn díje. Wọ́n padà wá lẹ́yìn náà, Tarquini sì gba ife ọdún yẹn síbẹ̀. Nígbà tó di 1995, òfin ti gba gbogbo ènìyàn láàyè láti lo ìyẹ́. Lójú tèmi, kò sí ìrẹ́jẹ níbẹ̀: ohun tí ìwé wí ni wọ́n ṣe.

Ó wá kan ara ọkọ̀, ibi tí owó àti òógùn pọ̀ sí jù. Wọ́n á tú u kanlẹ̀: kápẹ́ẹ̀tì, àga, aṣọ òrùlé, títí kan ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ lẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀ láti pa ariwo. Ọ̀dà yẹn agídí púpọ̀. Àwọn kan máa ń da yìnyín gbígbẹ lé e kó lè gan, kí wọ́n tó fi òòlù lù ú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á jó àwọn oríkèé irin pọ̀ látòkè délẹ̀, nítorí ilé iṣẹ́ kàn jó o pọ̀ ní ibi tótòtó ni. Wọ́n á wá to páìpù irin sínú rẹ̀ bí àgò.

Gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé àgò yìí ń dáàbò bo awakọ̀ bí ọkọ̀ bá yí gbirigbiri. Iṣẹ́ rẹ̀ kejì ni wọn kì í sábà sọ: kò jẹ́ kí ara ọkọ̀ lọ́. Bí ara ọkọ̀ bá ń lọ́ nínú kọ́nà, òun fúnra rẹ̀ ti di sípíríǹgì tí ẹnikẹ́ni ò lè tún ṣe. Tún sípíríǹgì tòótọ́ ṣe títí ilẹ̀ á fi ṣú, ńṣe lo dà bí ẹni tó gbé òṣùwọ̀n lé orí fóòmù tó ní òun ń wọn ẹran.

Òfin máa ń sọ ìwọ̀n tí ọkọ̀ ò gbọdọ̀ fúyẹ́ jù. Kí ló dé, nígbà náà, tí wọ́n fi ń dín in kù kọjá ibẹ̀, tí wọ́n tún wá ń fi irin dí i? Kí wọ́n lè fúnra wọn yan ibi tí ẹrù á wà ni: nísàlẹ̀ pátápátá. Àga awakọ̀ náà á sún sẹ́yìn, á sì sún sí àárín. Láyé Super Touring, òfin touring car ti àwọn ọdún 1990, wọ́n máa ń rì ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀, wọ́n á sì dà á sẹ́yìn.

Ní ti ẹsẹ̀, ìṣòro ńlá wà lára ọkọ̀ tí táyà iwájú ń fà. Táyà iwájú yẹn kan náà ló ń yí kọ́nà, òun ló sì ń ru èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ bíréèkì, nígbà tí ti ẹ̀yìn kàn ń tẹ̀ lé e. Nítorí náà ni wọ́n ṣe máa ń jẹ́ kí ọ̀pá tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ọ̀tún mọ́ ti òsì le gan-an, kí ìdí ọkọ̀ lè yí. Bí ẹ bá rí táyà ẹ̀yìn kan tó gbéra nílẹ̀ nínú kọ́nà, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ewu rẹ̀ wà ní àwọn ìyípo àkọ́kọ́, nígbà tí táyà ẹ̀yìn ṣì tutù: ìdí lè sá lọ lójijì.

Ẹ́ńjìnnì ńkọ́? Super Touring fún gbogbo wọn ní ẹ́ńjìnnì lítà méjì láìsí tọ́bò, ohun tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ inú ẹ́ńjìnnì kí agbára lè pọ̀ sí i, ẹ́ńjìnnì náà ò sì gbọ́dọ̀ yí ju ìgbà 8,500 lọ ní ìṣẹ́jú kan. Nínú TCR, òfin touring car mìíràn tó bẹ̀rẹ̀ ní 2015, tọ́bò wà, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ ló ń dọ́gba agbára àti ìwọ̀n ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wá agbára kún un, wọ́n lè fi ẹrù kún un fún un. Mo rò pé ó sàn kéèyàn ná owó yẹn sórí bí ẹ́ńjìnnì ṣe máa tutù nígbà tí ọkọ̀ bá wà lẹ́yìn ẹlòmíràn, tó ń fa afẹ́fẹ́ gbígbóná.

Bí ọkọ̀ bá wá délẹ̀ láti ìdánwò, ẹ má tíì bi awakọ̀ ní nǹkan kan. Ẹ fi ohun èlò wọn ooru táyà: inú, àárín, ìta. Bí inú bá gbóná ju ìta lọ jìnnà, ẹsẹ̀ ti dagun jù. Bí àárín bá gbóná ju ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ jù. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ yí padà, kí ẹ tó tún rán an jáde.