Ẹ má fọwọ́ ara yín gbé àṣírí òwò yín sínú fáìlì kóòtù

Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣòwò n'Íbàdàn ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ lónìí, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní nǹkan kan tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n ṣe tẹ́lòmíì ò mọ̀.

Ká ní ẹ ń lọ oúnjẹ adìyẹ ní Bódìjà. Ìwé kékeré kan wà nínú dúrọ́ọ̀ yín, ibẹ̀ lẹ kọ ọ́ sí: àgbàdo kílò báyìí, sóyà báyìí, eegun lílọ̀ báyìí, lysine báyìí. Torí ẹ̀ làwọn kọ́sítọ́mà ṣe ń ti Mọ́níyà wá. Ọmọ iṣẹ́ yín kan wá fi fóònù ya ìwé yẹn, ó bá tiẹ̀ lọ, ó lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù sí òdìkejì títì. Inú bí yín, ẹ gba lọ́yà, ó ní kẹ́ ẹ mú ẹ̀rí wá, ló bá ṣe fọ́tókọ́pì ìwé náà, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ afidéfíìtì (ìwé ìbúra), ó kọ Exhibit A sí i, ó gbé e lọ sí kóòtù gíga ní Ring Road.

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ ti bàjẹ́. Abala 36(3) nínú òfin ilẹ̀ wa ti 1999 ní gbangba ni kí wọ́n ti máa gbọ́ ẹjọ́. Evidence Act ti 2011 (òfin tó dá lórí ẹ̀rí), abala 104, tún ní ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ láti wo ìwé ìjọba, títí kan ìwé inú fáìlì kóòtù, lè sanwó kó gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Ẹnì kan ló jí i tẹ́lẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ti wá gbé e fún gbogbo ìlú. Ẹyin sì lọ̀rọ̀.

Ẹ má bínú sí gbangba yẹn o, mo fẹ́ràn ẹ̀. Tí wọ́n bá ń dájọ́ ní kọ̀rọ̀, báwo la ṣe máa mọ̀ tí wọ́n bá rẹ́ tálákà jẹ? Ṣùgbọ́n òfin fàyè gba adájọ́ láti ní káwọn èèyàn bọ́ síta tí gbangba bá máa ba ìdájọ́ òdodo jẹ́. Ibẹ̀ ni lọ́yà yín máa dúró sí. Kó tó fáìlì ìwé náà rárá ni kó ti gbé motion (ìwé tí wọ́n fi ń bẹ kóòtù) wá, kó ṣàlàyé ohun tó wà níbẹ̀, ìpalára tó máa ṣe, àti bẹ́ ẹ ṣe ń tọ́jú ẹ̀ (ta ló ní kọ́kọ́rọ́ dúrọ́ọ̀ yẹn? tó bá jẹ́ orí káńtà ló máa ń wà, adájọ́ á bi yín pé àṣírí wo nìyẹn), kó wá bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi ojúlówó sínú àpòòwé tí wọ́n lẹ̀ pa, kí ẹ̀dà tí wọ́n ti kun iye kílò ẹ̀ dúdú wà nínú fáìlì gbangba. Iye kílò nìkan o! Tẹ́ ẹ bá ní kí wọ́n bo gbogbo ẹjọ́, adájọ́ ò ní dá yín lóhùn.

Ẹni tẹ́ ẹ pè lẹ́jọ́ náà sì gbọ́dọ̀ rí i dé ìwọ̀n kan, kó lè wí tẹnu ẹ̀. Ní 1985, adájọ́ kan ní Delaware l'Amẹ́ríkà ní kí Coca-Cola fi fọ́múlà wọn han àwọn lọ́yà àtàwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ẹnìkejì, pẹ̀lú àṣẹ pé kò gbọ́dọ̀ jáde síta. Coca-Cola kọ̀ jálẹ̀.

Kíkùn dúdú yẹn gan-an ló ń pa èèyàn lára jù. Ní June 2023, nígbà tí ìjọba Amẹ́ríkà àti Microsoft ń ṣẹjọ́ ní San Francisco, wọ́n fi máàkà dúdú kun ìwé Sony, tó ń bá Microsoft du ọjà géèmù, wọ́n wá ṣe é ní sìkáànù, ojú ìwé yẹn ṣì hàn lábẹ́ yíǹkì: owó tí wọ́n fi ṣe géèmù kan, 220 mílíọ̀nù dọ́là, gbogbo ayé kà á. Ní January 2019, àwọn lọ́yà Paul Manafort, tó ṣolórí ìpolongo ìbò Trump nígbà kan, fi kọ̀ǹpútà kun tiwọn dúdú, àwọn oníròyìn kàn kọ́pì ẹ̀, wọ́n péésìtì ẹ̀ síbòmíì, ọ̀rọ̀ jáde.

Torí náà kí lọ́yà yín tó gbé ẹ̀dà yẹn lọ, ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀, ẹ kọ́pì ẹ̀ lórí fóònù yín wò, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ jáde, ẹ nà án sí oòrùn. Tẹ́ ẹ bá ṣì ń rí iye kílò àgbàdo, ẹ dá a padà fún un.