Ta Ni Yóò Tọ́jú Sójà Tó Ti Bọ́ Kàkí?

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ìyàwó sójà àti ọmọ sójà tẹ́ ẹ pé jọ sí Mọ́kọ́lá lónìí, mo kí yín o. Báráàkì Letmauck tó wà nítòsí wa yìí, ibì kan ní Bọ́mà tí àwọn bàbá wa ti jagun ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Orúkọ kò wọ́n ìjọba rí.

Ṣùgbọ́n Ẹlẹ́yẹlé ni mo fẹ́ ká ti bẹ̀rẹ̀. Nígbà ogun Hitler, àwọn òyìnbó ṣí ọsibítù sójà síbẹ̀, 56th Military General Hospital. Ogun parí, àwọn sójà tú ká, nígbà tó sì di 1948, inú àwọn ilé yẹn ni Yunifásítì Ìbàdàn ti bẹ̀rẹ̀. Mi ò ní ó burú o. Àwa tá a jókòó síbí jẹ nínú oore rẹ̀. Àmọ́ nígbà tí ìjọba nílò ẹsẹ̀ tí yóò rìn nínú igbó Bọ́mà, kíá ló rí owó ọsibítù. Nígbà tí orúnkún wá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ní ogún ọdún lẹ́yìn ìyẹn, oníkálukú ló wá alágbo tirẹ̀ lọ.

Ẹ óò ní, ṣebí wọ́n ń gba owó ìfẹ̀yìntì? Wọ́n ń gbà á. Military Pensions Board ló ń san án. Apá 173 nínú ìwé òfin 1999 tiẹ̀ ní kí wọ́n máa tún owó náà yẹ̀ wò ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí ṣáájú bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá tún owó oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ yẹ̀ wò. Ìyẹn, èèyàn lè gbé e lọ sí kóòtù. Ẹ wá ṣí ìwé náà sí apá 17, níbi tó ti ní kí ìlú ní ibi ìtọ́jú ìlera tó péye fún gbogbo èèyàn. Orí Kejì nìyẹn wà, apá 6 sì ti ká kóòtù lọ́wọ́ kò lórí rẹ̀. Owó ní agbẹjọ́rò, ara ò ní.

Ọkọ àbúrò ìyá mi ja ogun abẹ́lé tó parí ní 1970. Bí ààrá bá sán lóru, á ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí ọmọdé tó ké. Gbogbo agboolé ní ayé ló ń ṣe é. Wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ babaláwo, wọ́n gbé e gun orí òkè àdúrà; dókítà ọpọlọ nìkan ni kò rí, bẹ́ẹ̀ Arò ò jìnnà sí Ìbàdàn. Nígbà tí etí rẹ̀ wá dí pátápátá, ọ́fíìsì kan ní kó mú ìwé wá tó fi hàn pé ogun ló di í. Ìwé wo? Ní 1968, nínú igbó, ta ní ń kọ ìwé etí?

Ìwé yìí gan-an ni mo bá wá. Láti 2022 ni òfin ti sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo ẹni tó ń gbé Nàìjíríà. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí sójà bá ń bọ́ kàkí ni kí wọ́n ti yẹ etí, ojú, orúnkún àti oorun rẹ̀ wò, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí wọ́n fi ẹ̀dà lé e lọ́wọ́, kí ìjọba àpapọ̀ tó rán an lógun sì máa san owó adójútòfò rẹ̀ títí ó fi máa kú. Kí wọ́n má tì í sí ìpínlẹ̀ lọ́rùn.

Ẹ má fi Amẹ́ríkà dẹ́rù bà mí. Wọ́n ní odindi ẹ̀ka ìjọba tó ní ọsibítù tirẹ̀ fún sójà àtijọ́, síbẹ̀ ní 2014 àṣírí tú ní Phoenix pé wọ́n ń fi orúkọ àwọn tó ń dúró de dókítà pamọ́. Mínísítà wọn, Eric Shinseki, tí òun náà fara gbọgbẹ́ ní Vietnam, fipò sílẹ̀. Níbẹ̀, ẹnì kan wà tí wọ́n lè mú.

Nígbà ìbéèrè, ìyá kan dìde lẹ́yìn. Ó ní, “Ọ̀gá, ti sójà lẹ ń sọ. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́tàdínlógún wẹ ọgbẹ́ rẹ̀, tí ẹ̀yìn mi ò nàró mọ́ ńkọ́?” Mi ò ní i nínú ìwé mi. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún un wí, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀.