Oṣù mélòó ni kí á tó kó ẹja akaja?

Ẹ wo akaja kan, irú èyí tí wọ́n ń ṣe tẹ́lẹ̀ lórí ọ̀sà Àjàṣẹ́ (Porto-Novo): ẹ̀ka igi ni wọ́n gún mọ́ ẹrẹ̀, ẹja wá fi abẹ́ rẹ̀ ṣe ilé. Ìgbà wo ló yẹ ká kó o?

Bí ẹja ṣe ń wúwo sí i ni iye wọn ń dín kù, torí ẹyẹ, àrùn àti ẹja ńlá. Orí ọ̀rọ̀ yìí ni Beverton àti Holt, onímọ̀ nípa ẹja pípa láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìṣirò wọn kà ní 1957.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ ṣe é. Lóṣù mẹ́rin, ẹ̀pìyà 800 wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ gíráàmù 50: kílò 40. Láàárín oṣù méjì-méjì, mẹ́wàá ń kú nínú ọgọ́rùn-ún. Lóṣù mẹ́fà, ó ku 720, gíráàmù 80: kílò 57.6. Lóṣù mẹ́jọ, 648, gíráàmù 105: kílò 68. Lóṣù mẹ́wàá, 583, gíráàmù 115: kílò 67. Ẹja ṣì ń tóbi o, ṣùgbọ́n ikú ti borí.

Ṣé oṣù mẹ́jọ ló dáa jù? Ẹ má tíì kánjú. Bí ẹ bá kó o, òmíràn á gba àyè rẹ̀, nítorí náà èrè oṣù kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ wò. Ẹ yọ 15,000 fáráńkì fún òṣìṣẹ́ àti ọkọ̀. Bí kílò bá jẹ́ 1,000, yálà ẹja kékeré tàbí ńlá, oṣù mẹ́fà mú 7,100 wá lóṣù kan. Oṣù mẹ́jọ mú nǹkan bí 6,600. Àmọ́ bí àwọn ìyá ọlọ́jà bá ń san 1,200 lórí èyí tó tóbi, oṣù mẹ́jọ di 8,300. Ẹ bi wọ́n kí ẹ tó fa igi kankan yọ. Ẹni tó yáwó kọ́ akaja yóò tètè kó o díẹ̀, torí èlé kì í sùn.

Tọmọ-tàgbà ló wà níbẹ̀ pọ̀, nítorí náà ojú àwọ̀n ló ń yan ọjọ́ orí: kó fẹ̀ tó kí wẹ́wẹ́ lè bọ́. Kí òjé ìdí àwọ̀n kan ẹrẹ̀ yíká kí ẹ tó yọ igi. Bí kò bá kan ilẹ̀, àwọn tó tóbi á gba abẹ́ lọ. Bí ẹ bá rí ẹyin pupa rẹ́súrẹ́sú nínú ọkọ̀, akọ ẹ̀pìyà ọ̀sà ló tu ú: ẹnu ló ń gbé ẹyin sí. Ẹ dá apá kan akaja sí nígbà náà.

Lójú omi gbangba, ìṣirò yìí kò dúró. Ẹja tí ẹ dá sí lónìí, àwọ̀n aládùúgbò ló máa gbé e lọ́la.